Bí A Ṣe Ń Fi Gold Chloride Ṣe Ẹ̀rún Wúrà Oní-Nánómítà: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Ṣiṣẹ́ Lábù ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà

Wúrà tí à ń wọ̀ sọ́rùn máa ń dán yanran. Tí a bá sọ wúrà kan náà di ẹ̀rún tó kéré débi pé ìbú ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò ju 16 nm (nánómítà, ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan mílímítà) lọ, tí àwọn ẹ̀rún náà wá fọ́n káàkiri inú omi, pupa ni omi yẹn máa ń pọ́n, bíi zobo tí wọ́n ti fi omi là. Ẹnikẹ́ni kò da aró sí i. Àwọn ẹ̀lẹ́kítíróònù ojú ẹ̀rún wúrà ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó wà ní nǹkan bíi 520 nm mì, èyí tó kù ni ojú wa ń rí.

Ọ̀nà tí a máa tẹ̀ lé níbí ni èyí tí Turkevich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1951, tí Frens sì tún ṣe ní 1973: gold chloride nínú omi tó ń hó, ẹ da sítíréètì (trisodium citrate, iyọ̀ kan tí a ń rí lára citric acid) lé e, ó di ẹ̀rún wúrà. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi bá lábù wa mu. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kórìíra ìdọ̀tí gan-an ni. Bó bá bàjẹ́, fúláàsìkì àti omi ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kí ẹ tó máa bú ẹni tó ta kẹ́míkà fún yín.

Kẹ́míkà náà fúnra rẹ̀

Orúkọ tó wà lára ìgò ni hydrogen tetrachloroaurate(III) trihydrate, HAuCl₄·3H₂O. Gold chloride ni gbogbo èèyàn ń pè é ní lábù, àwa náà á sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wo fọ́múlà ara ìgò dáadáa kí ẹ tó rà á, torí AuCl₃ náà wà lọ́jà, gold chloride ni wọ́n sì ń pe òun náà. Ìwọ̀n mólékù tiwa jẹ́ 393.83, wúrà inú rẹ̀ sì jẹ́ 196.97. Ìdajì gédégbé ni. Ìyẹn ni pé nínú 1 g tí ẹ san owó ńlá lé lórí, 0.5 g péré ni wúrà.

Ọ̀tá mẹ́ta ló ní: ọ̀rinrin, ìmọ́lẹ̀ àti irin.

Ní àsìkò òjò, afẹ́fẹ́ lábù tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù máa ń rin gbindin. Tí ẹ bá ṣí ìgò gold chloride nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ẹ bù ú sórí òṣùwọ̀n, ẹ máa rí i tí nọ́ńbà ojú òṣùwọ̀n á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni fi nǹkan kún un. Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń mu. Kó tó pẹ́, kírísítà aláwọ̀ ọsàn náà á ti rọ̀, á lẹ̀ mọ́ ìwé tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́n. Nígbà náà, ohun tí ẹ wọ̀n kì í ṣe gold chloride nìkan mọ́, omi wà nínú rẹ̀, ìṣirò yín sì ti yẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe máa bù ú díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ ra ìgò 1 g, kí ẹ sì yọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a ṣe ń ṣe é wà nísàlẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ máa ń ba a jẹ́ díẹ̀díẹ̀, torí náà inú ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ ló ń gbé, pẹ̀lú fọ́ìlì tí a fi wé e. Ní ti irin, ẹ má fi ṣíbí onírin kàn án rárá. Irin á gba wúrà lọ́wọ́ kẹ́míkà náà: orí ṣíbí á dúdú, ẹ ti pàdánù wúrà, ẹ sì ti da irin pọ̀ mọ́ èyí tó kù. Ṣíbí oníike tàbí ti gíláàsì ni kí ẹ lò.

Ó máa ń jó awọ ara, ó sì máa ń fi àbàwọ́n dúdú bíi èsè àlùkò sílẹ̀ tí ọṣẹ kì í fọ̀ kúrò. Ó di ọjọ́ tí awọ yẹn bá bó. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wọ awò ìdáàbòbò ojú.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sára ògiri: ẹ má jẹ́ kí gold chloride àti ammonia pàdé láéláé. Ohun tí wọ́n máa ń di tí wọ́n bá pàdé lè bú gbàù nígbà tó bá gbẹ, kódà bí ẹ bá kàn fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi ammonia pa oró ásíìdì inú ìdọ̀tí wúrà, ẹ má sì dà wọ́n sínú ìgò ìdọ̀tí kan náà.

Àwọn kan máa ń béèrè ìdí tí a fi ń ra wúrà láti òkè òkun nígbà tí wúrà wà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Òótọ́ ni, wúrà wà ní Ìtàgúnmòdì àti Ìpẹ̀rìndó, ilé iṣẹ́ Ṣẹ̀gilọlá sì ti ń wà á láti 2021. Ṣùgbọ́n wúrà tó ti inú ilẹ̀ jáde kì í dá wà. Fàdákà sábà máa ń bá a rìn, kọ́pà náà lè wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fi aqua regia (àdàlù hydrochloric acid àti nitric acid tó lè yọ́ wúrà) yọ́ ọ, fàdákà á jókòó sísàlẹ̀ bí ìyẹ̀fun funfun, kọ́pà á wà nínú omi, ásíìdì nitric tó ṣẹ́kù á sì ba sítíréètì jà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin ìwakùsà 2007 kò fàyè gbà á kí èèyàn kàn máa ra wúrà lọ́wọ́ àwọn tó ń wà á láìní ìwé àṣẹ. Fún iṣẹ́ yìí, ẹ ra èyí tí wọ́n ti fọ̀ mọ́.

Omi

Omi tó dára jù ni èyí tí ẹ̀rọ ultrapure yọ, tí resistivity rẹ̀ (agbára tó fi ń dènà iná) jẹ́ 18.2 MΩ·cm. Tí ẹ kò bá rí i, omi distilled (omi tí a sè di ooru, tí a sì mú ooru náà tutù di omi padà) tí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì ṣeé lò, bí conductivity rẹ̀ (bó ṣe ń gbé iná kọjá) bá wà ní ìsàlẹ̀ nǹkan bíi 2 µS/cm. Ẹ wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ tí ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ní "àná ni wọ́n ṣe é" gbọ́ láìwọ̀n ọ́n, pàápàá tó bá jẹ́ inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Pure water inú ọ̀rá kò dára fún un. Omi mímu ni, iyọ̀ inú ilẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Omi kànga àti omi ẹ̀rọ burú ju ìyẹn lọ. Omi bátìrì tí àwọn mẹkáníìkì ń tà kò ṣeé fọkàn tán, nítorí ásíìdì lè wà nínú rẹ̀. Ìdí tí iyọ̀ fi ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ rèé: sítíréètì tó bo ara ẹ̀rún wúrà ní chágì negative, chágì yẹn ló ń mú kí wọ́n máa ti ara wọn sẹ́yìn bí àgbò méjì tí kì í mumi nínú koto kan. Tí iyọ̀ bá wọlé, ó á pa agbára chágì náà, àwọn ẹ̀rún á rọ́ lu ara wọn, wọ́n á lẹ̀ pọ̀, pupa á di búlúù, búlúù á di dúdú.

Fífọ fúláàsìkì

Ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò yín ni kí ẹ retí pé yóò lọ síbí. Ohun tí ẹ máa fọ̀: fúláàsìkì conical 100 mL kan, gíláàsì wíwọ̀n tí ẹ máa lò, gíláàsì pẹlẹbẹ tí ẹ máa fi dé e lórí, àti stirrer bar (ọ̀pá mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń yí omi po). Tí ara stirrer bar bá ní ojú ọ̀bẹ tàbí àmì dúdú, ẹ fún ẹlòmíràn lò fún iṣẹ́ mìíràn. Inú àwọn ihò yẹn ni wúrà máa ń kọ́kọ́ fara mọ́.

Aqua regia ni a fi ń fọ̀ wọ́n. Inú fume hood (àpótí lábù tó ń fa èéfín kẹ́míkà jáde) tó ń fa afẹ́fẹ́ dáadáa ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ mú tíṣù pélébé sí ẹnu rẹ̀, tí kò bá fà á sínú, ẹ má ṣe é lónìí. Ẹ da hydrochloric acid 37%, 60 mL, sínú bíkà gíláàsì ńlá, kí ẹ wá rọra da nitric acid 20 mL lé e. Ó á kọ́kọ́ dà bí omi lásán, lẹ́yìn náà á yẹ́lò, á wá di aláwọ̀ ọsàn, èéfín á sì máa yọ. Èéfín náà ní chlorine nínú. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn, awò ojú tó bo gbogbo ojú, ẹ̀wù lábù tí a de bọ́tìnnì rẹ̀.

Ẹ dà á kárí inú gíláàsì, ẹ jẹ́ kó dúró ìṣẹ́jú 15. Ẹ má dé e pa, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò fún ọjọ́ mìíràn: gáàsì tó ń yọ á fọ́ ìgò. Ẹ má fi acetone tàbí ethanol ṣan gíláàsì kí ẹ tó da aqua regia sí i, torí ásíìdì àti kẹ́míkà wọ̀nyẹn lè gbiná. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ fi omi distilled ṣan gíláàsì nígbà mẹ́jọ ó kéré tán, kí ẹ wá fi omi tí ẹ máa lò gan-an ṣan án lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà tí ẹ fi máa mọ̀ pé ó mọ́: ẹ dorí rẹ̀ kodò. Omi á ṣàn kúrò bí aṣọ pẹlẹbẹ, kò ní í dúró ní kíkán kíkán bí ìrì orí ewé kókò. Tí ẹ bá rí kíkán omi, ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀.

Aqua regia tó kù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó parí èéfín rẹ̀ nínú hood, ẹ rọra dà á sínú omi tútù tó pọ̀, ẹ máa fi sodium bicarbonate kún un díẹ̀díẹ̀ títí pH rẹ̀ á fi wà láàárín 6 sí 8. Ó máa ń hó bí ọṣẹ, torí náà inú bíkà tó tóbi gan-an ni.

Bí lábù yín kò bá ní fume hood tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má fi ẹ̀mí yín wéwu. Ẹ ra fúláàsìkì tuntun tí wúrà kò tíì kàn rí, ẹ fi ọṣẹ lábù fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú nitric acid 10% mọ́jú, kí ẹ wá ṣan án bí mo ṣe wí lókè. Kí fúláàsìkì náà sì jẹ́ ti wúrà nìkan láti ọjọ́ yẹn lọ.

Omi gold chloride àti omi sítíréètì

Ẹ wọ̀n ìgò gold chloride pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ìdérí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ da omi díẹ̀ sínú rẹ̀ tààrà, ó á yọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ dà á sínú volumetric flask 100 mL (fúláàsìkì tó ní àmì ìwọ̀n lọ́rùn), ẹ fi omi ṣan inú ìgò náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí gbogbo omi ìṣan náà sì wọ inú flask. Ẹ fi omi kún un dé ojú àmì. Ẹ jẹ́ kí ìgò òfìfo gbẹ, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n méjèèjì ni iye gold chloride tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Tó bá jẹ́ 1.00 g, ẹ ti ní omi 1%, ìyẹn 25.4 mM (mílímóólù nínú lítà kan). Inú ìgò aláwọ̀ ilẹ̀, nínú fíríìjì, ó á wà fún oṣù púpọ̀. Tí ẹ bá rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú tàbí àwọ̀ àlùkò nísàlẹ̀ rẹ̀, ìdọ̀tí ti wọ inú rẹ̀.

Fún sítíréètì, ẹ wọ̀n 1.00 g trisodium citrate dihydrate (294.10), ẹ yọ́ ọ nínú omi, ẹ kún un dé 100 mL. Ó jẹ́ 34 mM. Tó bá jẹ́ èyí tí kò ní omi nínú, tí ìwọ̀n mólékù rẹ̀ jẹ́ 258.07, 0.88 g ló tó. Ọjọ́ tí ẹ máa lò ó ni kí ẹ po ó. Oúnjẹ kòkòrò àìfojúrí ni sítíréètì. Tó bá pẹ́ lórí tábìlì, ẹ máa rí ohun tó dà bí òwú tó ń fò nínú rẹ̀.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ gan-an, mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín: citric acid tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ àti jùúsì ń rà lọ́jà kì í ṣe trisodium citrate. Ásíìdì ni òun, kò sì ní í ṣe iṣẹ́ kan náà.

Síse

Kí ẹ tó tan hot plate, ẹ ronú lórí iná. Iṣẹ́ náà kò gbà ju wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún wà nínú rẹ̀ tí iná kò gbọ́dọ̀ lọ. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà, orí rẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ má gbé hot plate sórí inverter kékeré, ó máa ń fa iná púpọ̀.

Ẹ fi pìpẹ́ẹ̀tì wọ̀n 49.5 mL omi sínú fúláàsìkì, ẹ fi 0.50 mL omi gold chloride 1% sí i. Ó ti di 0.01% báyìí, 0.25 mM. Àwọ̀ rẹ̀ yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tí ẹ kò bá gbé bébà funfun sẹ́yìn rẹ̀ ẹ lè má rí i. Ẹ ju stirrer bar sínú rẹ̀, ẹ fi gíláàsì pẹlẹbẹ dé e, ẹ tan iná àti stirrer. Kí omi máa yí kíákíá débi pé kòtò kékeré á wà láàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má ta sókè.

Ẹ dúró títí yóò fi hó gan-an. Kì í ṣe kí èéfín kàn máa rú. Kí ìfóòfó máa yọ láti ìsàlẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ kó hó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì.

Nígbà yẹn, ẹ fa 1.0 mL sítíréètì 1% sínú pìpẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí ìdérí, ẹ dà á sí àárín kòtò omi náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ dé e padà. Ẹ má kán an. Ẹni tó bá ń kán an ń bí àwọn ẹ̀rún kan lónìí, ó ń bí àwọn mìíràn lọ́la. Wọn kò ní dọ́gba láéláé. Ẹ tẹ aago.

Ẹ má gbé ojú kúrò. Yẹ́lò náà á kọ́kọ́ pòórá, omi á mọ́ bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 25, ó á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò aró, búlúù tó jọ eérú. Ó á ṣú sí i, bí yíǹkì. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 70, láàárín ìgbà tí ẹ fi ṣẹ́jú, àlùkò á gba ibẹ̀ kọjá, pupa á sì jáde. Tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kò burú. Hot plate yàtọ̀ síra. Búlúù yẹn kì í ṣe àmì pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Àwọn tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rù níbẹ̀, wọ́n á paná tàbí kí wọ́n fi sítíréètì kún un. Ẹ ní sùúrù.

Lẹ́yìn tó bá ti pọ́n, ẹ jẹ́ kó máa hó fún ìṣẹ́jú 10 sí i kí gbogbo wúrà tó kù lè parí iṣẹ́. Ẹ wá paná, ṣùgbọ́n ẹ má pa stirrer títí yóò fi tutù. Omi ti gbẹ díẹ̀ nínú rẹ̀; ẹ fi omi mímọ́ dá a padà sí 50 mL, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nọ́ńbà tí ẹ máa kà níwájú kò ní tọ̀nà.

Tí iná bá lọ kí ẹ tó da sítíréètì, kò sí wàhálà: ẹ dé e, ẹ dúró, ẹ fi omi rọ́pò èyí tó gbẹ nígbà tí iná bá dé. Tó bá lọ lẹ́yìn tí omi ti pọ́n, ẹ máa fi ọwọ́ mi fúláàsìkì pẹ̀lẹ́ títí yóò fi tutù, ó ṣì lè dára. Àmọ́ tó bá lọ nígbà tó ṣì wà ní búlúù, ẹ dà á sínú ìgò ìdọ̀tí wúrà, kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Wúrà tó wà nínú rẹ̀ kò ju 2.5 mg lọ. Ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rún tí kò dọ́gba wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rún tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ

Ẹ dín sítíréètì kù, ẹ má fọwọ́ kan ohun mìíràn. Nọ́ńbà tí Frens rí fún 50 mL omi gold chloride 0.01% rèé: 1.0 mL sítíréètì 1% mú 16 nm wá, 0.75 mL mú 24.5 nm wá, 0.50 mL mú 41 nm wá, 0.30 mL mú 71.5 nm wá. Sítíréètì tó pọ̀ máa ń mú kí ọ̀pọ̀ èso (ẹ̀rún àkọ́kọ́ tí wúrà yòókù ń dàgbà lé lórí) bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wúrà á pín sórí gbogbo wọn, kálukú á kéré. Tí sítíréètì bá kéré, èso á ṣọ̀wọ́n, kálukú á sì sanra.

Ní tèmi o, tó bá ti kọjá 40 nm, ẹ má lo ọ̀nà yìí mọ́. Àwọn ẹ̀rún náà máa ń rí jágajàga, òmíràn gùn, òmíràn rí róbótó. Ó sàn kí ẹ ṣe 16 nm tó dára, kí ẹ fi í ṣe irúgbìn, kí ẹ máa fi wúrà bọ́ ọ títí yóò fi dàgbà.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ gbé e sínú UV-Vis (ẹ̀rọ tó ń wọn iye ìmọ́lẹ̀ tí omi ń gbé mì, èyí tí à ń pè ní absorbance), nínú cuvette (ife kékeré ẹ̀rọ náà) 1 cm, omi lásán ni blank (èyí tí a fi ń ṣe ìfiwéra), láti 400 sí 800 nm. Tó bá dára, òkè kan ṣoṣo ni ẹ máa rí, láàárín 518 sí 522 nm, ìlà náà á sì wálẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ ní 700 nm. Tó bá ṣì ga ní 650 sí 700, àwọn ẹ̀rún kan ti ń lẹ̀ pọ̀, bí ojú yín tiẹ̀ rí i ní pupa.

Ẹ ka nọ́ńbà méjì mìíràn. Absorbance ní 400 nm tó jẹ́ 1.2 túmọ̀ sí pé wúrà tó ti di ẹ̀rún jẹ́ 0.5 mM, nítorí náà tiwa gbọ́dọ̀ sún mọ́ 0.6. Tó bá jẹ́ 0.4, wúrà kan ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì tàbí kò tíì parí. Ẹ wá fi absorbance ní 450 nm pín ti orí òkè náà: fún 16 nm, èsì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.65, fún 10 nm, ó jẹ́ 1.50. Láìsí TEM (máíkíróskóòpù ẹ̀lẹ́kítíróònù), ẹ ti mọ ibi tí ẹ wà. Àròpọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rún tó wà nínú mL kan lé ní tírílíọ̀nù kan, ìyẹn nǹkan bí 2 nM.

Ìdánwò iyọ̀ rọrùn jù lọ. Ẹ bu 1 mL sínú túùbù kékeré, ẹ fi NaCl 10%, 0.1 mL, sí i. Pupa gbọ́dọ̀ di àlùkò tàbí búlúù láìpẹ́. Tó bá dúró ní pupa, nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí sítíréètì ti bo ara àwọn ẹ̀rún náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọṣẹ tí a kò ṣan tán ni.

Bí ó bá bàjẹ́

Ó dúró ní àlùkò, kò pọ́n: omi kò hó dáadáa kí ẹ tó da sítíréètì, tàbí sítíréètì kò tó, tàbí ó ti pẹ́ nílẹ̀.

Dígí wúrà yọ lára gíláàsì, tí ẹ bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ ẹ máa rí i tó ń dán: gíláàsì kò mọ́, tàbí ó ní ihò kéékèèké. Aqua regia ni a fi ń yọ ọ́ kúrò.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú jókòó sísàlẹ̀, omi orí rẹ̀ sì mọ́: iyọ̀ ti wọlé. Ẹ padà lọ wọ̀n conductivity omi yín.

Yẹ́lò ni, kò yí padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ẹ lọ ka ara ìgò "sítíréètì" náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lónìí ó dára, lọ́la ó burú, ohun gbogbo sì jẹ́ bákan náà: nígbà ọyẹ́, ẹ fura sí eruku. Ẹ dé ohun gbogbo, kódà pìpẹ́ẹ̀tì tí ẹ gbé kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń fi oje ewé rọ́pò sítíréètì, ó sì ń ṣiṣẹ́, torí polyphenol inú ewé lè sọ gold chloride di wúrà. Ṣùgbọ́n ewé tí a já lẹ́bàá odò àti èyí tí a já lórí òkè kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ̀rún tó ń jáde sì máa ń yàtọ̀ síra ní ìwọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ti sítíréètì títí yóò fi gún régé lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, kí ẹ tó gbé ewé wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tó bá bàjẹ́ ẹ kò ní mọ̀ bóyá ewé ni tàbí fúláàsìkì.

Títọ́jú rẹ̀ àti ìdọ̀tí wúrà

Ẹ fi filter 0.22 µm sẹ́ ẹ sínú ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì ní 4 °C. Ẹ má gbé e sínú fírísà: bí omi bá ti dì, àwọn ẹ̀rún á lẹ̀ pọ̀, wọn kò sì ní túká mọ́ bó bá yọ́. Ẹ kọ ọjọ́, ìwọ̀n sítíréètì àti nọ́ńbà òkè rẹ̀ sára ìgò. Tí àwọ̀ bá yí padà, tàbí ẹ rí ohun tó dà bí òwú nínú rẹ̀, ẹ má lò ó.

Kí ìgò ńlá kan wà lábẹ́ tábìlì tí a kọ "ÌDỌ̀TÍ WÚRÀ, MÁ FI AMMONIA SÍ I" sí lára. Ibẹ̀ ni gbogbo èyí tó bàjẹ́ àti èyí tó ti wà ní cuvette ń lọ. Nígbà tó bá kún, ẹ da iyọ̀ oúnjẹ ẹ̀kúnwọ́ kan sí i, ẹ gbé e jókòó mọ́jú. Ní òwúrọ̀, wúrà á ti jókòó sísàlẹ̀ bí ẹrẹ̀ dúdú; ẹ rọra da omi orí rẹ̀ kúrò, ẹ kó ẹrẹ̀ náà sínú ìgò kékeré, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ fi pamọ́ fún ẹni tó máa fọ̀ ọ́ padà di gold chloride.